Omi fún Mátà, Ọsàn fún Ẹ́sítà

Nígbà tí mo fi mọ Iye àgbà, kò ní ìlà lórí ìka mọ́. Iye ni àwa Ìlàjẹ ń pe ìyá. Òun ló bí ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dán, awọ rẹ̀ le, orí ìka sì funfun bíi ti ẹni tó pẹ́ nínú omi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí ó tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé ní Igbókòdá, akọ̀wé ibẹ̀ ki ìka rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, àbàwọ́n dúdú lásán ló hàn. Ó nu ìka náà, ó tún un tẹ̀, ohun kan náà ló rí. Ó wá ń wo Iye àgbà bíi pé ó fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn án. Iye àgbà fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Gbogbo Ayétòrò ti fi wẹ̀ tán. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn."

Ọṣẹ ló sè láyé rẹ̀. Nígbà tí ìlú wa, Ayétòrò, ṣì jẹ́ ìdílé kan, tí a jọ ń jẹun láti ilé ìdáná kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba owó iṣẹ́, kálukú ló ní ibi tí wọ́n fi í sí. Àwọn kan ń kan ọkọ̀, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan ń yan búrẹ́dì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń lọ sókun. Ilé ọṣẹ ni wọ́n fi Iye àgbà sí, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá ibẹ̀. Ilé onípákó ni, orí òpó ló dúró lé bíi gbogbo ilé wa, omi ọ̀sà sì ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Epo ń wá láti òkè, àgbọn ń wá láti etí òkun, sódà ń ti Èkó wá nínú agolo ńláńlá. Bí wọ́n bá gé ọṣẹ tán, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, wọ́n á pín in láti ojúlé dé ojúlé.

N kò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa purọ́ nípa rẹ̀. Ó le. Kì í rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, kì í sì pẹ́ kí ó tó bínú. Mo rí i tó da odidi ìkòkò ọṣẹ kan sínú ọ̀sà nítorí pé ẹni tó ń rò ó lọ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ náà sì pín sí méjì, epo lókè, omi nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù ń bẹ̀ ẹ́ pé wọ́n lè tún un sè. Ó fọ ìdí ìkòkò mọ́, ó gbé e padà sórí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n ló fi ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó da omi sódà tàbí omi eérú sínú epo, á ti ìdí ìgbálẹ̀ kan bọ̀ ọ́, á fi kan ṣóńṣó ahọ́n díẹ̀, á tutọ́ dànù, á sì fi omi fọ ẹnu. Ìyẹn nìkan ló fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó tàbí ó ṣì kù. Ó kọ́ mi ní nǹkan wọ̀nyí kí n tó mọ ìwé kà. Ó mú mi jókòó sórí àpótí, ó to abọ́ síwájú mi. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó kan: ọsàn wẹ́wẹ́, omi ògì tó ti pẹ́, ẹmu àná. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó korò: omi eérú igi tí a fi ń yan ẹja, kán-ún, àti sódà tí kò jẹ́ kí n súnmọ́.

"Èyí tó kan á mú eyín," ni ó sọ. "Èyí tó korò á máa yọ̀ lọ́wọ́."

Mo fi ìka kan omi eérú, mo sì fi àtàǹpàkò rà á. Lóòótọ́, ó ń yọ̀.

"Kí ló dé tó fi ń yọ̀, Iye?"

"Ọ̀rá ara rẹ ló ń di ọṣẹ. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, ọma mi."

Mo sáré lọ fọ ọwọ́. Láti ìgbà náà n kò tíì fọwọ́ kan ọṣẹ rí kí n má rántí pé ó lè fi mí ṣe ara rẹ̀.

Ó ní eré kan tó fi ń tù mí nínú tí mo bá ń sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè é ní eré. Á rẹ ìṣápá pupa sínú omi gbígbóná, omi á pọ́n dẹ̀ẹ̀. Á kán omi eérú sí i, pupa náà á lọ, omi á wá dà bí omi ewé. Lẹ́yìn náà á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, pupa á sì padà dé. Mo lè jókòó ti abọ́ yẹn títí agogo oúnjẹ á fi lù. Ìgbà kan mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ló lágbára jù.

"Èyí tó bá pọ̀ jù ni."

"Tí wọ́n bá wá dọ́gba ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì á kú."

Mo ní kí ló máa wá kù. Ó po omi eérú àti omi ọsàn pọ̀ títí ahọ́n rẹ̀ kò fi mọ kíkan tàbí kíkorò nínú rẹ̀ mọ́, ó gbé e kaná títí ó fi gbẹ, ó sì fi èyí tó kù hàn mí nídìí ìkòkò, funfun, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Ó jọ iyọ̀ lẹ́nu.

Gbogbo ìtọ́jú tó mọ̀ ni ó ti inú ilé ọṣẹ kọ́. Bí inú ẹnìkan bá ń ta á, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á po kán-ún bíńtín sínú omi fún un, ẹni náà á gùfẹ̀ẹ́, ara á sì tù ú. Bí sódà bá dà sórí pákó tàbí sórí tábìlì lọ́wọ́ àwọn tó ń sè ọṣẹ, á ní kí wọ́n fún ọsàn sí i kí wọ́n tó nù ún. Bí ẹja bá ń rùn lọ́wọ́ rẹ, ọsàn ni. Bí ọwọ́ bá ń yọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ọsàn náà ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wọ́n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ sí gbogbo rẹ̀, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn: "Kíkan ló ń pa sódà."

Ìjà rẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àgbà ìjọ kan tó dìde láàárín àwùjọ, tó ní ọṣẹ tí wọ́n ń sè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í hó, pé bóyá àwọn obìnrin ilé ọṣẹ ti ń ṣàárẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Iye àgbà gbé abọ́ méjì lọ sílé bàbá náà, ó bu omi òjò sí ọ̀kan, ó bu omi ọ̀sà sí ìkejì, ó ní kí wọ́n fún òun ní síńgílẹ́ẹ̀tì wọn. Ó fọ̀ ọ́ nínú omi òjò, ọṣẹ hó títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ nínú omi ọ̀sà, ọṣẹ náà di ohun funfun bíi wàrà tó bàjẹ́, kò hó rárá. Ó fún síńgílẹ́ẹ̀tì náà, ó sá a sórí okùn, ó sì kó abọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe ọṣẹ ló kọ̀ yín, Bàbá. Omi yín ni." Bàbá náà kò tún sọ̀rọ̀ ọṣẹ mọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí omi náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òjò tó wà nínú àgbá kì í tó mu, áńbọ̀sì èyí tí a fi ń fọṣọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ló wà tí kò bá jà, ìyẹn ìyá mi. Ẹ́sítà lorúkọ ìyá mi. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Iye àgbà bí, ojú òsì rẹ̀ sì ti fọ́ láti kékeré. Wọn kì í pariwo mọ́ra wọn. Ìyá mi a máa kí i láàárọ̀, a máa kúnlẹ̀, a máa béèrè bí ó ṣe sùn, ó sì tán. Ṣùgbọ́n kò fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ rí. Bí wọ́n bá pín ọṣẹ dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi á gbà á, á dúpẹ́, á gbé e fún aládùúgbò. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé wá láti Èkó ló fi ń wẹ èmi àti ara rẹ̀. Iye àgbà mọ̀. Mo rí i tó gbóòórùn orí mi lọ́jọ́ kan, tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ wọn tó lè yé èèyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílùú wa nígbà náà. Kí ojúsàájú má bàa wọ àárín wa, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń dàgbà lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Wọ́n lè gbé ọmọ rẹ fún mi, kí wọ́n gbé tèmi fún ọ, kí o lè máa fẹ́ràn gbogbo ọmọ bákan náà. Ìlú tó pín oúnjẹ, tó pín aṣọ, tó pín iṣẹ́, ó fẹ́ pín ọmọ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n fi bí èmi, ọ̀rọ̀ náà ti ń dẹ̀, ìyá mi ò sì jẹ́ kí n sùn níbòmíràn láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tirẹ̀, ilé obìnrin kan tó ń hun aṣọ ni ó ti dàgbà, ọmọ obìnrin náà tó ń jẹ́ Mátà sì wà lọ́dọ̀ Iye àgbà. Àwọn ọmọ méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ́. Mátà ló ń sùn lórí ẹní Iye àgbà, òun ni Iye àgbà ń di irun fún. Ìyá mi sọ fún mi pé òun máa ń dọ́gbọ́n gba iwájú ilé ọṣẹ kọjá, kí òun kàn lè rí ìyá òun kí ó gbé ojú sókè wo òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbá omi òjò ti gbẹ káàkiri ìlú, garawa omi kan ló kù nínú ilé ọṣẹ, wọ́n fi aṣọ bò ó. Àwọn ọmọ méjèèjì gbé oúnjẹ ọ̀sán wá láti ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí iṣẹ́ náà gbàgbé òfin tí Iye àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gbogbo: sódà ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé sódà. Ó da omi tí wọ́n ti bù sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ lé e. Ó hó lójijì, ó ta jáde, ó sì bá àwọn ọmọ náà lójú. Iye àgbà kò dárúkọ obìnrin yẹn fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Àwọn ọmọ ń ké. Iye àgbà ti garawa omi kan ṣoṣo náà sí àwọn obìnrin tó kù, ó ní, "Ẹ da gbogbo rẹ̀ sójú Mátà, ẹ má dáwọ́ dúró." Wọ́n da omi náà sójú Mátà títí garawa fi gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ fa Ẹ́sítà mọ́ra, ó fi eyín gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó fi ìka la ojú òsì ọmọ náà, ó sì fún ọsàn sí i. Ìyá mi ní ohun tí ojú yẹn rí kẹ́yìn ni garawa omi tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ Mátà.

Lábẹ́ pákó tí wọ́n dúró lé, omi ọ̀sà wà níbẹ̀, ó pọ̀ bí ó ti máa ń pọ̀. Kò sí ẹni tó fà á. Omi iyọ̀ ni, èèyàn kì í sì í fi iyọ̀ sí ojú ọmọ tó ń ké.

Ojú Mátà pọ́n, ó wú, ó sì sàn. Ojú òsì Ẹ́sítà di funfun. Ní ọjọ́ ìsìn tó tẹ̀lé e, wọ́n sọ ọ́ láàárín ìjọ. Wọ́n ní ẹ wo ìyá tó ní omi kan ṣoṣo, tó gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn, tó jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ dúró. Wọ́n ní ohun tí a wá ṣe ní etí òkun nìyí. Wọ́n ní kí Iye àgbà dìde kí gbogbo èèyàn rí i, ó dìde, ó sì tún jókòó. Ìyá mi wà ní ìlà àwọn ọmọdé, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe di ti ìlú. Wọ́n ń fi kọ́ ọmọ, wọ́n ń fi bá tọkọtaya wí. Mátà dàgbà, ó lọ́kọ sí Abereke, bí ọdún bá sì ti ń parí lọ á gbé ẹja yíyan wá fún Iye àgbà nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, á máa pè é ní ìyá tó fún òun lójú. Ìyá mi á máa bu omi fún un, á máa bá a sọ ẹja kalẹ̀. Mo bi ìyá mi léèrè lọ́dún kan pé ṣé inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Ó ń dáná lọ́wọ́. Kò yíjú sí mi. "Iye àgbà rẹ ní ọmọ méjì níwájú," ni ó sọ. "Ó yan èyí tó wù ú."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Mo gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dẹ́kun lílọ sí ilé ọṣẹ fún ìgbà pípẹ́, tí Iye àgbà bá sì pè mí, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilé ìwé ló mú mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òkìtìpupa ni mo ti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa ní kẹ́místírì. Nígbà tí tíṣà kọ ásíìdì àti béèsì sójú pátákó, tó ní ọ̀kan kan lẹ́nu, ọ̀kan korò ó sì ń yọ̀, tó fi pépà búlúù bọ inú ọ̀kan tó di pupa, mo fẹ́ dìde kígbe pé mo mọ̀ ọ́n, abọ́ ìṣápá Iye àgbà nìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e. Tíṣà da ásíìdì sórí béèsì nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé ìgò náà yíká kí a fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn ni ooru ń jáde. Ó ní nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá ta sí èèyàn lójú, kí a má ṣe fi ìkejì lé e. Omi ni kí a máa dà sí i, omi púpọ̀, fún ìgbà pípẹ́, omi èyíkéyìí tó bá wà nítòsí.

Nígbà tí a gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ Iye àgbà ni mo kọ́kọ́ yà kí n tó délé. Ó ń fún ọsàn sórí ẹja tútù lẹ́yìn ilé. Mo jókòó tì í, mo ń sọ gbogbo rẹ̀ wàràwàrà, inú mi ń dùn pé ohun tó kọ́ mi lórí àpótí wà nínú ìwé. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi ìgò gbígbóná, ó dáwọ́ dúró.

"Ó ń gbóná?"

"Ó ń gbóná, Iye. Mo fọwọ́ kàn án."

"Bó bá jẹ́ ojú ńkọ́?"

"Wọ́n ní omi nìkan ni. Kí a má fi ọsàn tàbí nǹkan kíkan kàn án."

"Bó bá jẹ́ omi ọ̀sà ló wà?"

"Kódà omi ọ̀sà. Wọ́n ní omi èyíkéyìí."

Ó gbé ọsàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹja náà. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú un. Ó wá ní, "Ó dára, ọma mi. Ìwé yín dára. Lọ kí iye rẹ." Mo gbé àpótí mi, mo lọ. Láti ọjọ́ yẹn n kò rí ọsàn wẹ́wẹ́ nílé rẹ̀ mọ́. Mo ṣàkíyèsí, ṣùgbọ́n mo rò pé inú rẹ̀ ló kọ̀ ọ́ nítorí ọjọ́ orí.

Ọdún ń gorí ọdún. Ayé tí a jọ ń jẹ níbi kan túká, kálukú wá owó ara rẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀, ó gbé ilé ọṣẹ lọ, ó gbé ilé tí Iye àgbà ti tọ́ Mátà lọ, àwa sì ń ṣí sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ Iye àgbà kò gbé e mọ́, ilé ìyá mi ni a gbé e wá. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, kò sì fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ń ṣe é dáadáa, ó sì ń ṣe é láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Èmi náà ti wá láti ibi iṣẹ́ mi láti wá wò ó. Ìyá mi ń fi ṣíbí fún un ní ògì, Iye àgbà sì fi ọwọ́ ti ṣíbí náà kúrò.

"Ẹ́sítà, gbé e sílẹ̀ ná. Mo ṣe ojúsàájú lọ́jọ́ tí sódà ta sí yín lójú."

Ìyá mi kò gbé abọ́ sílẹ̀. "Mo mọ̀, Iye. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Wọ́n kí yín fún un."

"Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n." Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ń sinmi. "Garawa omi kan ló wà, ọsàn kan ló wà nínú àpò mi. Mo mọ iṣẹ́ mi nígbà náà, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Omi kàn ń fọ sódà ni, ọsàn ló ń pa á. Ẹ̀rù ba mí, n kò rántí ìjọ, n kò rántí ìlú. Mo ní kí wọ́n da omi sí Mátà, ọma ẹlòmíràn ni, omi tó fún un. Èyí tó dára jù ni mo mú fún ọ. Ìwọ ni mo bí."

A ń gbọ́ òkun. Ìyá mi ń wo abọ́ ògì náà.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé kò dára?"

"Ìgbà tí ọma rẹ yìí ti ilé ìwé dé. Títí di ìgbà náà, ohun tí mo rò ni pé ọsàn náà ló kéré."

"Láti ìgbà yẹn." Ìyá mi yíjú sí mi bíi pé ó fẹ́ ka ọdún lójú mi, ó tún yíjú padà. "Ẹ mọ̀ láti ìgbà yẹn, ẹ kò sì sọ fún mi."

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé ọwọ́ mi ló fọ́ ọ lójú? Mo rò pé ó sàn kí o máa bínú pé n kò fẹ́ ọ. Mo rò pé ìbínú rọrùn láti gbé ju ìyẹn lọ."

"Kò rọrùn," ni ìyá mi sọ. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Ojú kan ló fọ́, Iye. Mo ti fi ìkejì ríran, mo fi lọ́kọ, mo fi tọ́mọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn kiri pé n kò ní ìyá. Ẹ sì wà níbí."

Iye àgbà kò bẹ̀bẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, omi sì ń dà lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Ìyá mi dìde, ó gbé abọ́ jáde, ó sì pẹ́ níta. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú ilé, irú ẹkún tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, mo sì jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀, n kò mọ ẹni tí ó yẹ kí n lọ bá nínú àwọn méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wọlé padà pẹ̀lú ẹní. Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì fa ọwọ́ dídán yẹn mọ́ àyà. Obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́rin ni ìyá mi lọ́jọ́ náà, orí rẹ̀ ti ń funfun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ó sùn ti ẹni tó bí i.

Iye àgbà kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ká ní ìyá mi ṣì wà láyé, n kì bá tí kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òun náà ti ṣípò padà lọ́dún tó kọjá.

Níbi ìsìnkú, Mátà ló dìde láti sọ̀rọ̀. Arúgbó ni òun náà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mọ́ kedere. Ó ń sunkún, ó ń sọ bí omi ṣe jẹ́ ẹ̀kún garawa kan, bí obìnrin tó dùbúlẹ̀ nínú pósí yìí ṣe kọ̀ láti yan ọmọ tirẹ̀. Gbogbo ìjọ ń dáhùn halelúyà. Ara mi kò gbà á. Mo ti fẹ́ dìde kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni, pé ọmọ rẹ̀ ló yàn, pé òun ló fẹ́ jù, nígbà tí ìyá mi di aṣọ mi mú.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn," mo ní.

"Jókòó," ni ìyá mi sọ. "Gbogbo ohun tí a ní nílùú yìí la pín. Ìyẹn, tèmi ni."